Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀: Bí Òpópónà Ọjà Ṣe Ń Yí Padà ní Yábàá

Ojú fèrèsé páálọ̀ ni ìyípadà òpópónà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ilẹ̀ kan á wà létí títì ní Yábàá, bàbá tó kọ́ ọ á ti dolóògbé, àwọn ọmọ á sì pe bíríkìlà. Bíríkìlà á fọ́ ògiri abẹ́ fèrèsé wálẹ̀, wẹ́dà á gbé ilẹ̀kùn onírin sí i, páálọ̀ á di ṣọ́ọ̀bù. Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ọ̀dà ara ògiri ṣì ni ti páálọ̀ àná, ibi tí fọ́tò bàbá wà tẹ́lẹ̀ sì máa ń mọ́ ju ara ògiri yòókù lọ. Tí owó ibẹ̀ bá dùn mọ́ ẹbí, iwájú ilé á di ṣọ́ọ̀bù kejì, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí á di ìkẹta, kọ́ntéènà kan á sì gúnlẹ̀ síbi tí igi máńgòrò wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba tàbí olówó ńlá kan ló máa ń jókòó pinnu pé kí àdúgbò yí padà. Wọ́n máa ń dá sí i lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n tó dé, ògiri abẹ́ fèrèsé ti wó.

Ohun tó ń wó ògiri náà ni ẹsẹ̀ èrò. Ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí ni owó ilé ti ń gbéra, bí owó ilé bá sì ti gbéra, oríṣi iṣẹ́ tó lè dúró síbẹ̀ á yí padà. Yábàá fi èyí hàn kedere, nítorí pé ẹsẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kì í ṣe ti irú èèyàn kan ṣoṣo. Ọjà Téjúoṣó wà níbẹ̀. Ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, tí kọ́ńdọ̀ ti ń pariwo Ojúẹlẹ́gba, Òyìngbò, Ọ̀ṣòdì. Yabatech, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, kò jìnnà síbẹ̀; Yunifásítì Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wà ní Àkókà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń lọ síbẹ̀, Yábàá ni wọ́n ti ń wọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣa òkìríkà, ìyá ń wá yunifọ́ọ̀mù ọmọ, òṣìṣẹ́ ń wá oúnjẹ ọ̀sán. Òpópónà Herbert Macaulay gba àárín wọn kọjá.

Ìṣirò owó ilé ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ká mú télọ̀ kan tó ń san ₦600,000 lọ́dún. Ká ní ₦8,000 ló ń kù sí i lọ́wọ́ lórí aṣọ kan lẹ́yìn owó òwú, iná àti epo jẹnẹrétọ̀. Aṣọ 75 ló máa rán kó tó san owó ilé tán. Bí onílé bá sọ ọ́ di ₦1,200,000, aṣọ náà di 150. Télọ̀ tó ń rán aṣọ kan lójúmọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 300 lọ́dún, ti fi ìdajì ọdún rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún onílé nìyẹn, kò sì lè sáré ju bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ lọ. Ẹ wá wo ẹni tó ń ta kọ́fà fóònù àti ṣájà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, tí èrè rẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ₦1,000 lọ. Ẹyọ 1,200 ló máa tà kí owó ilé tó pé, mẹ́rin mẹ́rin lójúmọ́. Lójú títì tí èrò ti ń rọ́ bí omi, mẹ́rin lè tán kí oòrùn tó mú.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì nìyí: ọwọ́ ni òdiwọ̀n iṣẹ́ télọ̀, ẹsẹ̀ ni òdiwọ̀n ọjà oníkọ́fà. Bí títì bá kún, ẹsẹ̀ á pọ̀ sí i, ọwọ́ ò ní pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọjà bá ń gbèrú, oníṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń kúrò lójú títì: télọ̀, ṣúmékà, atúnrédíòṣe, kápẹ́ńtà. Kì í ṣe pé wọn ò mọṣẹ́, kì í sì í ṣe pé àwọn oníbàárà wọn sá. Ó dunni, torí pé àwọn gan-an ni wọ́n jẹ́ kí ibẹ̀ di ibi tí àwọn èèyàn mọ̀.

Ágẹ́ǹtì náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ṣọ́ọ̀bù máa ń san owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù lé owó ilé, ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sì sábà máa ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ₦1,200,000, ₦240,000 nìyẹn. Ayálégbé tó ti pẹ́ kì í san án mọ́. Nítorí náà, ayálégbé tó ń ta gbòǹgbò síbì kan kò mú nǹkan wọ àpò ágẹ́ǹtì. Ara ẹni tuntun ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí ó bá sọ fún onílé pé, “Alàgbà, ẹni kan ń bẹ tó máa san ìlọ́po méjì,” kì í fìgbà gbogbo jẹ́ irọ́.

Oníkọ́fà pàápàá ò ní jókòó títí láé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé oúnjẹ ńlá àti báńkì ń bọ̀, àwọn tó lè gba gbogbo iwájú ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí Yábàá ṣe tẹ́jú sílẹ̀ fún irú nǹkan báyìí ní ìtàn. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri kọlu Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, kí ó máa tún ìlú tò. Yábàá wà lára ilẹ̀ tí wọ́n pín sí púlọ́ọ̀tì, tí wọ́n la títì tó gún gbọọrọ sí, fún àwọn tó ń kúrò nínú ìfúnpọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó. Àlàfo tí wọ́n fi sáàárín ilé àti títì nígbà náà, kí atẹ́gùn lè fẹ́, ni ṣọ́ọ̀bù òní jókòó lé.

Kì í ṣe ojú ilẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ ń gbà wá. Ní 2011, Co-Creation Hub, ibi tí àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ti ń jọ ṣiṣẹ́, tí Bosun Tijani àti Femi Longe dá sílẹ̀, ṣílẹ̀kùn ní ojúlé 294 lórí òpópónà Herbert Macaulay. Ilé-iṣẹ́ MainOne ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó yára sínú ilẹ̀ àdúgbò náà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ software sì ń tẹ̀ lé wáyà bí èèrà ṣe ń tẹ̀ lé ṣúgà. Nígbà tó fi máa di 30 oṣù Kẹjọ 2016, Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ní Yábàá. Àwọn èèyàn ti fún ibẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ nígbà náà, Yabacon Valley, tí wọ́n fi ń fi í wé Silicon Valley, ibùdó àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà. Orúkọ bẹ́ẹ̀ nìkan tó láti gbé owó ilé. Onílé tó gbọ́ ọ kò ní bèèrè bóyá ìyá olóúnjẹ tó wà ní iwájú ilé rẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí kó tó fi kún owó rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà kó lọ sí Lẹ́kìí àti àwọn ibòmíì. Owó ilé ò bá wọn lọ. Ó mọ bí a ṣe ń gun àkàsọ̀, kò mọ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Kí ló dé tí ilé kan á di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olójú gíláàsì, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà láyé bàbá? Ọ̀rọ̀ ogún ni. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, bí bàbá bá kú láìṣèwé ìhágún, ilé náà á di ilé ẹbí. Bóyá wọ́n pín in ní ìdí-igi, ìyẹn iye ìyàwó tó bímọ, tàbí ní orí-ò-jorí, olúkúlùkù ọmọ ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá gbogbo rẹ̀ tà. Títà tí olórí ẹbí kò lọ́wọ́ sí, òfo ni níwájú òfin. Èyí tí olórí ẹbí sì dá ṣe láìsí àwọn aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí a rí àkọlé pupa lára ògiri káàkiri Èkó pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ọmọ ìyá òun kan ti ń bá ágẹ́ǹtì sọ̀rọ̀.

Ìlànà tó wá gbilẹ̀ ni pé kí ẹbí mú ilẹ̀ wá, kí kọ́lékọ́lé mú owó wá. Yóò wó ilé àtijọ́, yóò kọ́ alájà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò pín fúláàtì àti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹbí, tàbí kó máa gba owó ilé fún iye ọdún tí wọ́n jọ fọwọ́ sí kó tó dá ilé padà. Títà pátápátá gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá, torí Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíì láìsí ìyọ̀ǹda. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe àdéhùn wọ̀nyí, ayálégbé ìsàlẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó igi kọ́lékọ́lé wọlé ni ó máa ń mọ̀.

Ìjọba wọlé níbí. LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìkọ́lé ní Èkó, sísọ ilé gbígbé di ilé ìtajà náà sì nílò ìwé àṣẹ tirẹ̀. LASBCA ló ń yẹ ìkọ́lé wò bó ṣe ń lọ. Àmì X pupa tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára ògiri ni ọ̀pọ̀ fi mọ̀ wọ́n. Páálọ̀ tó di ṣọ́ọ̀bù láìgbàwé kò ṣòro láti rí. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ju owó ìtanràn lọ: ìpìlẹ̀ tí bàbá ṣe fún ilé ilẹ̀ kò mọ alájà mẹ́ta. Ní oṣù Kejì 2022, ilé alájà kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Akanbi Crescent, ní Yábàá kan náà, ó sì gba ẹ̀mí.

Òfin wà fún ayálégbé náà, ó sì yẹ kí oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kan ṣọ́ọ̀bù bó ṣe kan yàrá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé tuntun. Bí kò bá sí àdéhùn tó yàtọ̀, oṣù mẹ́fà ni ìkìlọ̀ tó tọ́ sí ẹni tó ń san lọ́dọọdún, kí ìwé ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Ayálégbé sì lè bẹ ilé ẹjọ́ kó sọ pé àfikún owó ilé ti pọ̀ jù. Àmọ́ lára ohun tí ilé ẹjọ́ máa gbé yẹ̀ wò ni iye tí àwọn mìíràn ń san ní àdúgbò náà. Bí gbogbo títì bá ti gbówó lórí, òdiwọ̀n náà ti gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀nà tuntun ló máa ń da gbogbo ìṣirò yìí rú. Wọ́n ṣí Red Line, ojú irin kìlómítà 27 láti Àgbádó dé Òyìngbò, ní 29 oṣù Kejì 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Yábàá ní ibùdó tirẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò má bàa máa pàdé lójú kan, wọ́n kọ́ afárá sókè ojú irin. Ẹni tó ń wa mọ́tò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà níbi tí mọ́tò ti ń dúró de reluwé, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ yẹn gan-an ni ọjà rẹ̀. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Ẹnu ọ̀nà ibùdó reluwé ló ti di ojú ọjà, igun ọ̀nà tí kò níye lórí tẹ́lẹ̀ á sì di ibi tí wọ́n ń du.

Téjúoṣó kọ́ àwọn kọ́lékọ́lé ní ohun kan nípa ẹsẹ̀. Ọjà náà jóná ní oṣù Kejìlá 2007, wọ́n tún un kọ́ ní alájà gíga, wọ́n sì ṣí i ní 2014. Owó ibẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́jà àtijọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù òkè sì wà ní títì pa, nígbà tí ìta lẹ́bàá títì ń hó yéè. Ẹni tó ń ra kọ́fà fóònù kì í gun àtẹ̀gùn nítorí rẹ̀. Ohun tó wà lójú ọ̀nà ló ń rà.

Ẹni tó ní télọ̀ tirẹ̀, ó ń gùn ún. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ojú títì bá ti gbówó lórí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọn ò kó lọ sí Bàríga tàbí Ṣómólú á ti fara hàn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí owó ilé ti rọjú díẹ̀. Oníbàárà ń fi fọ́tò aṣọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló máa gun òkè: ọjọ́ wíwọ̀n àti ọjọ́ gbígbà. Ní ìsàlẹ̀, láàárín ṣọ́ọ̀bù oníkọ́fà àti ti oní-POS, a óò rí ọ̀nà tóóró kan tó wọnú ilé lọ, ọfà tí wọ́n fi ọ̀dà fà sára ògiri tó nàka sókè, àwòrán sísọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù.