Ọmọ Àjàṣẹ́ ni àbí ará Sẹ̀nẹ̀gà? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Vieyra, Hounsou àti àwọn eléré tí ìlú ń bá ara wọn du

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìròyìn méjì bọ́ sí àsìkò kan náà. Èkíní ni pé ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Paulin Soumanou Vieyra ní Àjàṣẹ́, ìlú wa ní Benin tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, olùdarí fíìmù tí kò sí ìwé ìtàn sinimá Áfíríkà tí kò dárúkọ rẹ̀. Èkejì ni pé Djimon Hounsou, òṣèré tí gbogbo ayé mọ ojú rẹ̀, sọ fún ilé-iṣẹ́ ìròyìn CNN pé owó tí wọ́n ń san fún òun kò tó nǹkan, àti pé òun ṣì ń tiraka láti gbọ́ bùkátà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti ń dàpọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ní ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n. Àwọn mìíràn ní Vieyra kì í ṣe tiwa rárá. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo rò pé ó tọ́ sí wọn.

Ṣé ọmọ ìlú kan náà ni Vieyra àti Hounsou?

Rárá. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí Vieyra sí ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 1925, Kútọnu sì ni wọ́n bí Hounsou sí ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 1964.

Kí ló wá dé tí àwọn ìwé kan fi ń pe Vieyra ní ará Sẹ̀nẹ̀gà?

Ìdáhùn èyí yóò gùn díẹ̀, nítorí pé àìmọ̀ lórí rẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa sọ pé wọ́n jí ọmọ wa gbé. Nígbà tí wọ́n bí Vieyra, kò sí orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Benin, kò sì sí Sẹ̀nẹ̀gà tí ó dá dúró. Dahomey ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa, orúkọ tí kò yí padà di Benin títí di ọdún 1975, àwọn Faransé sì ti kó o pọ̀ mọ́ Sẹ̀nẹ̀gà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn sábẹ́ ìjọba amúnisìn kan ṣoṣo tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Dakar láti ọdún 1902. Ẹni tí ó bá ti Àjàṣẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ọba ní Dakar láyé ìgbà náà kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá ṣiṣẹ́ ọba ní Àjàṣẹ́ lónìí, nítorí abẹ́ ìjọba kan náà ni ó ṣì wà.

Ọmọdé ni Vieyra nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga sinimá tí ó wà ní Páríìsì, ó sì wà lára àwọn ọmọ adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni ó gbé e dé Dakar lẹ́yìn náà. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, tí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjọba kan di orílẹ̀-èdè púpọ̀, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ni ó dúró sí, wọ́n sì fi í ṣe olórí ẹ̀ka tí ń ya fíìmù ìròyìn fún ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe Une nation est née ní ọdún 1961, àti Lamb ní ọdún 1963, èyí tí ó dá lórí ìjàkadì àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà. Níbẹ̀ náà ni ó ti ran Ousmane Sembène lọ́wọ́ kí àwọn fíìmù rẹ̀ lè jáde.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé àwọn tí ń ṣàkójọ fíìmù kì í wo ìlú tí wọ́n bí olùdarí sí. Orílẹ̀-èdè tí owó fíìmù ti jáde ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Àjàṣẹ́ ni Vieyra, ọmọ Dahomey ni, fíìmù Sẹ̀nẹ̀gà sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí ó pa èkejì rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe fíìmù ní Áfíríkà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ará Íjíbítì ti ń ṣe fíìmù tipẹ́ kí Vieyra tó jáde ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọdún 1955, òun àti Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan parapọ̀ ṣe Afrique-sur-Seine, fíìmù kúkúrú tí kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, lórí bí àwọn ọmọ adúláwọ̀ ṣe ń gbé ní Páríìsì. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó fi fíìmù yìí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ sinimá àwọn adúláwọ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ń dárúkọ Mouramani tí Mamadou Touré ará Guinea ṣe ní ọdún 1953. Ẹ pè é ní ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò ní já yín ní koro.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Òfin kan wà tí wọ́n fi orúkọ mínísítà tí ó fọwọ́ sí i pè, òfin Laval ti ọdún 1934, tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Áfíríkà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà. Gómìnà ni yóò ka ìtàn tí ẹ fẹ́ yà, òun ni yóò sì wo irú ẹni tí ẹ jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyí kò rí àyè ya ilẹ̀ baba wọn, ni wọ́n bá gbé ẹ̀rọ ayàwòrán wọn lọ sí etí odò Seine. Ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó kọ́ bí a ti ń ya fíìmù, igboro Páríìsì ni ó ní láti kọ́kọ́ yà.

Báwo ni ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe ń jẹ́ Vieyra?

Ìdílé Àgùdà ni, ìyẹn àwọn tí bàbá ńlá wọn padà wá láti ilẹ̀ Brazil lẹ́yìn oko ẹrú, irú èyí tí ó kún Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ẹ tún wo Soumanou tí ó wà láàárín orúkọ rẹ̀, tí kò ṣòro fún etí Yorùbá láti gbọ́ Sùmọ́nù nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìlú kan máa ń bí òṣèré ju òmíràn lọ?

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹ̀bùn eré wà nínú omi ìlú kan, pé bí ẹni kan bá ti là níbẹ̀, àwọn yòókù yóò là. Ẹ jẹ́ kí a wo Òkè-Ìmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sí ní ọdún 1925, ọdún kan náà tí wọ́n bí Vieyra, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn òpó eré orí ìtàgé Yorùbá. Ọmọ ìlú náà ni Jímọ̀h Àlíù, tí àwa tí a ń wo tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà láti ìhín ààlà mọ̀ nípasẹ̀ eré Àrélù. Ẹni tí ó bá rí orúkọ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rò pé ọ̀kan ni ó kọ́ èkejì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ẹgbẹ́ Akin Ògúngbè, tí ó bá eré dé Òkè-Ìmẹ̀sí ní ọdún 1959, ni Jímọ̀h Àlíù tẹ̀ lé lọ, ó sì lo nǹkan bí ọdún méje lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkárẹ́ ní ọdún 1966.

Ẹ wo Òṣogbo pẹ̀lú. Ìlú náà lókìkí gẹ́gẹ́ bí ilé eléré nítorí pé Dúró Ládiípọ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1962, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń gba ọmọ iṣẹ́ láti ìlú gbogbo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Lérè Pàímọ́, ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ ni ó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú. Èrò tèmi ni pé ọ̀gá tí ó gba ènìyàn sílé, tí ó jẹ́ kí ó gbé àpótí aṣọ, kí ó lu ìlù, kí ó tó fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti sọ lórí ìtàgé, ni ó ń sọ ọmọ ìlú di òṣèré. Níbi tí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ọmọ tí ó ní ẹ̀bùn yóò lọ, bí Vieyra ti lọ sí Páríìsì. Hounsou náà kò tí ì pé ogún ọdún tí ó fi kúrò ní Kútọnu lọ sí ilẹ̀ Faransé, tí ó sùn ní ìta ní Páríìsì kí aránṣọ Thierry Mugler tó rí i, tí ó sì sọ ọ́ di afihàn-aṣọ.

Ǹjẹ́ sinimá Yorùbá ti ní ọwọ́ Benin nínú?

Ó ti ní. Ní ọdún 2006, Túndé Kèlání àti Abdel Hakim Amzat, eléré ọmọ Benin, jọ ṣe Abẹ́ní, ìtàn ìfẹ́ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Kútọnu. Kí ó tó di ìgbà náà, François Sourou Okioh, ọmọ Benin náà, ti ṣe fíìmù kan ní ọdún 1985 tí ó pè ní Ironu, ọ̀rọ̀ tí ẹ kò nílò ògbufọ̀ fún.

Báwo ni ẹni tí ó lókìkí bí Hounsou ṣe lè sọ pé owó kò tó òun?

Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n yàn án fún ìdíje Oscar, fún In America ní ọdún 2004 àti fún Blood Diamond ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n ẹ wo irú ipò tí ó kó: olùrànlọ́wọ́ olú-òṣèré ni wọ́n yàn án fún nígbà méjèèjì. Owó tí fíìmù bá pa ní ilé sinimá, ti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni. Iye tí òṣèré bá bá wọn ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò gbà, àyàfi bí ó bá lágbára tó láti béèrè ìpín nínú èrè, àwọn olú-òṣèré díẹ̀ ni ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú iye yẹn ni aṣojú rẹ̀ yóò ti yọ tirẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Owó orí yóò tẹ̀ lé e, oṣù tí kò sí iṣẹ́ yóò sì jẹ nínú ìyókù. Hounsou fúnra rẹ̀ ti sọ pé wọn kò san iye tí ó tọ́ sí òun, mo sì gbà á gbọ́. Ẹ má ṣe fi ojú tí ẹ ń rí lórí àwòrán díwọ̀n ohun tí ó wà nínú àpò ẹni.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe fíìmù. Kí ni kí n máa bẹ̀rù?

Ẹ bẹ̀rù ẹni tí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí òun tó fún ọmọ yín ní ipò nínú eré. Òṣèré ni wọ́n ń sanwó fún, òun kọ́ ni ó ń sanwó. Ẹ bẹ̀rù ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ọmọ pamọ́, tàbí tí ó fẹ́ gbé ọmọdébìnrin sọdá ààlà láìjẹ́ kí ẹ mọ ilé tí yóò sùn. Àdéhùn níhìn-ín, èdè Faransé ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́. Bí bàbá tàbí ìyá kò bá lè kà á, kí ó wá ẹni tí yóò kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Bí ọmọ náà bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ISMA, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, wà ní Kútọnu, kò jìnnà sí wa. Bí ó bá sì ti kọ ìtàn tirẹ̀ tàbí tí ó ti ya fíìmù tirẹ̀, kí ó lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní BUBEDRA, ọ́fíìsì ìjọba tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti eléré.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni àwọn àkọsílẹ̀ "ọmọ ìlú wa" tí ń lọ kiri?

Ẹ béèrè ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ ní lọ́kàn: ìlú tí wọ́n bí i sí ni, àbí ìlú bàbá rẹ̀, àbí ibi tí ó dàgbà sí, àbí ibi tí ó ti ṣiṣẹ́? Èkó ni wọ́n bí Túndé Kèlání sí ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ó dàgbà sí, ìlú méjèèjì sì ń pè é ní ọmọ. Àkọsílẹ̀ tí kò bá ní ọjọ́ ìbí, tí kò sì dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Níbo ni iṣẹ́ Vieyra wà báyìí?

Ó kú ní Páríìsì ní ọdún 1987. Àkójọ ìwé rẹ̀ wà ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn nǹkan tí ó jẹ mọ́ sinimá àwọn adúláwọ̀. Inú mi dùn pé wọn kò ṣègbé, ó sì dùn mí pé ọmọ Àjàṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kà wọ́n yóò kọ́kọ́ wá físà.

Kí ni a lè ṣe sí fíìmù àti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ó wà nílé wa?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò ìgbéyàwó, ti ọdún egúngún, ti eré tí ẹgbẹ́ kan wá ṣe ní gbàgede ọjà. Ẹ má gbé wọn sínú yàrá tí òrùn ń pa tàbí ibi tí ọ̀rinrin wà. Ẹ gbé wọn dúró bí ìwé. Ẹ fi bírò kọ ọjọ́, ìlú, orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ àwọn tí ẹ bá mọ̀ sára páálí rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tí wọ́n lè dá ojú mọ̀ ṣì wà láàyè. Bí ó bá jẹ́ fíìmù gidi tí wọ́n ká mọ́ àgbá, ẹ ṣí i kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bí ó bá ń rùn kíkan bí ọtí àmukù, ó ti ń bàjẹ́, kíá ni kí ẹ yà á kúrò lára àwọn yòókù, nítorí pé ohun tí ń bà á jẹ́ yóò ran àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀.