Orúnkún kì í ṣe táyà, ẹ yé é ní kí màmá yín jókòó sójú kan

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Tí orúnkún àwọn òbí wa n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bá ti ń dùn wọ́n, tí dókítà ní aromọléegun ni, nkan kan náà ni gbogbo ilé máa sọ: orúnkún ti jẹ bíi táyà, ẹ dín ìrìn kù kó lè pẹ́. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó á gba ọmọ ọ̀dọ̀ fún màmá, màmá ò ní yan gàárì mọ́, Ojúde Ọba á dé, wọn ò ní jẹ́ kó bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ẹ̀ jáde. Ìfẹ́ ló fà á, mo mọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn á kàn máa le sí i ni.

Pé eré ìdárayá dáa fún orúnkún tó ń dunni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ní Denmark, láti 2013 ni wọ́n ti ní ètò GLA:D tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn aláìsàn yìí ní eré ìdárayá, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí kò yé àwọn èèyàn nìyí. Ẹ mọ nkan funfun tó ń yọ̀ lórí eegun ẹran, tí àwọn alápatà ń pè ní bísíkíìtì? Irú ẹ̀ ló bo orí eegun tiwa náà nínú orúnkún. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú ẹ̀. Ibòmíì lára wa, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a, ṣùgbọ́n èyí, omi tó wà nínú oríkèé ló ń bọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ìwúwo yín á tẹ̀ ẹ́, omi á jáde díẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ sókè, á tún fa omi míì wọlé, bó ṣe ń jẹun nìyẹn. Ẹni tó jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, ṣe ló ń fi ebi pa á. Iṣan iwájú itan tó yẹ kó máa bá orúnkún gbé ẹrù náà á tún máa joro, gbogbo ìwúwo á wá bọ́ sórí oríkèé nìkan. Táyà ò ń jẹun, táyà ò níṣan, kí la wá fẹ́ fi táyà ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Àwọn òbí wa á ní ó ń dun àwọn táwọn bá rìn. Tó bá dùn díẹ̀, tó sì rọlẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì, kò burú. Tó bá wú tàbí tó le sí i lọ́jọ́ kejì, ẹ dín in kù, ẹ má pa á tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dídìde àti jíjókòó lórí àga tó ga, kẹ́ ẹ di nkan mú. Físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú aláìsàn, ló máa wọn èyí tó tó fún yín, wọ́n wà ní OOUTH, ọsibítù Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ní Ṣágámù.

Mi ò sọ pé èyí tó ti jẹ máa hù padà o. Ó lè gba bí oṣù méjì, mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀, ti ẹlòmíì á dín díẹ̀, ẹlòmíì á ṣì nílò iṣẹ́ abẹ.

Àmọ́ tí orúnkún bá gbóná, tó wú lójijì pẹ̀lú ibà, tàbí tẹ́ ẹ ṣubú tẹ́ ò lè fi tẹlẹ̀, ọsibítù ni, kì í ṣe eré ìdárayá. Ẹ sì ṣọ́ra fún kápúsù oríkèé tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Ní 2022, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa ọ̀kan tó ń jẹ́ Artri King, diclofenac tó jẹ́ oògùn ìrora àti dexamethasone tó jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì ló wà nínú ẹ̀ tí wọn ò kọ sára páálí. Ẹni tó bá ti ń lo irú ẹ̀ tipẹ́, kó má dá a dúró lójijì, ìyẹn náà léwu, kó gbé páálí ẹ̀ lọ fún dókítà kọ́kọ́.