Obìnrin Orí Páálí: Kí Ló Ń Tà Fún Wa Gan-an?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò eré ìdárayá ní Fọlágbadé, n'Íjẹ̀bú-Òde, tàbí kí ẹ yà sí Sábó ní Ṣàgámù. Ẹ má wo ọjà, ara páálí ni kí ẹ wò. Lára páálí irin gbígbé, ọkùnrin ń gbé irin, òógùn bò ó. Lára páálí okùn fífò tàbí ẹ̀rọ tó ń fa ikùn wọlé, obìnrin kan wọ kọ́mú àti pátá, ó ti ìdí síta, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń wò ó, okùn sì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn láàárín àwa tí a jọ ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé. Ìbéèrè tó jáde níbẹ̀ ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo ní.

Ìbéèrè: Kí ló pa obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò pọ̀ mọ́ okùn fífò?

Ìdáhùn: Kò sí nǹkan kan, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà rúni lójú nìyẹn. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ṣe páálí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ara wọn ni pé ta ló máa rà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdáhùn wọn ni pé ọkùnrin ló ń náwó sórí eré ìdárayá. Ojú ọkùnrin ni wọ́n wá ń dẹ. Wọ́n sì gbà pé obìnrin tó bá rí àwòrán yẹn náà á rà á, torí pé á fẹ́ kí ara òun rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọn kò rò rárá ni ìyá ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tí dókítà ní kó máa fo okùn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ni àwòrán kan ń tà tàbí ara obìnrin, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó di nǹkan náà mú bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò? Ẹ wo orí rẹ̀: ṣé wọ́n tiẹ̀ ya ojú rẹ̀, àbí láti ọrùn ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ fọkàn gbé ọkùnrin kan sí ipò yẹn, pẹ̀lú pátá yẹn, kó ti ìdí síta bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rín bá pa yín, ẹ ti dá ara yín lóhùn.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n Tóbi Amúsàn tiwa náà, ikùn rẹ̀ máa ń wà níta tó bá ń sáré. Kí ni ìyàtọ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ́kùnrin kan ló béèrè èyí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ti mú wa. Ìbéèrè gidi ni, kò yẹ ká fò ó.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Tóbi sí ní 1997, Our Lady of Apostles níbẹ̀ ló sì ti ṣe girama. Ní July 24, 2022, níbi ìdíje eré sísá àgbáyé ní ìlú Eugene, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sáré mítà 100 tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà, ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Kò sí obìnrin tó tíì sá a báyẹn rí. Nígbà tó di àṣekágbá, ó sá a ní 12.06, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lẹ́yìn wọn pọ̀ jù ni wọn kò fi kà á sí àkọsílẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó gba wúrà. Ọmọ Nàìjíríà kankan kò tíì gba wúrà rí nínú ìdíje eré sísá àgbáyé yẹn kó tó dé.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ni àwọn tó mọ̀ nípa bàtà ń sọ? Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Bàtà adidas tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ló wọ̀, kì í ṣe ti asáré kúkúrú, gbogbo wọn sì ń béèrè bó ṣe jẹ́. Kò sí ìpolówó tó lè ju ìyẹn lọ fún ẹni tó ń ta bàtà. Bẹ́ẹ̀ ikùn rẹ̀ wà níta o, itan rẹ̀ wà níta. Aṣọ kékeré náà wà lẹ́nu iṣẹ́: kò ní wúwo, kò ní kọ́ igi, ooru kò ní mú un. Bí ẹ bá wo fọ́tò rẹ̀ lókè igi ìdènà, ohun tó ń ṣe lẹ rí.

Ẹ wá fi ti ọdún 2013 wé e. Roxy, tó ń ṣe aṣọ àti ohun èlò fún obìnrin tó ń fi pátákó gun ìgbì òkun, gbé fídíò jáde láti polówó ìdíje wọn ní Biarritz, nílẹ̀ Faransé. Stephanie Gilmore, ọmọ Ọsirélíà tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ìgbà 5 nígbà yẹn, ló wà nínú rẹ̀. A rí i lórí bẹ́ẹ̀dì, a rí i ní balùwẹ̀, a rí ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. A kò rí ojú rẹ̀. A kò rí i kó gun ìgbì kan ṣoṣo. Obìnrin tí kò sí ẹni tó dáńgájíá tó o nídìí iṣẹ́ náà láyé lásìkò yẹn ni wọ́n gbà, wọ́n sì gé iṣẹ́ náà kúrò. Àwọn obìnrin tó ń ra ọjà wọn gan-an ló kọ́kọ́ fárígá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìbú aṣọ la fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè wọ aṣọ kékeré kó máa ṣiṣẹ́. Wọ́n sì lè fi aṣọ bò ó tán, kí wọ́n ṣì gbé e kalẹ̀ bí ohun tí a ń wò.

Ìbéèrè: Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló yàn án. Ta ló fipá mú wọn?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, òfin ni. Títí di ọdún 2012, bí obìnrin bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá orí iyanrìn nínú Òlíńpíìkì, bíkínì ló gbọ́dọ̀ wọ̀, tàbí aṣọ ìwẹ̀ alápapọ̀. Ìbú ẹ̀gbẹ́ pátá bíkínì náà kò sì gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n wò. Ṣòkòtò péńpé ni ọkùnrin ń wọ̀ ní tiwọn, lórí iyanrìn kan náà, lábẹ́ oòrùn kan náà. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù 2012 kù díẹ̀ ni wọ́n gbà kí obìnrin wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù alápá tó bá wù wọ́n. Bí òfin yẹn kò bá yí padà ni, àwọn ọmọ Íjíbítì méjì tó ṣeré ní Rio lọ́dún 2016 pẹ̀lú aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀ kì bá tí dé pápá.

Ní July 2021, àwọn obìnrin Norway tó ń ṣe bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù orí iyanrìn wọ ṣòkòtò péńpé dípò pátá bíkínì nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Varna, Bùlùgéríà. Àwọn aláṣẹ eré náà bu owó ìtanràn 1,500 yúrò lé wọn. Olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Pink, ní òun á san án. Kí ọdún náà tó parí ni wọ́n ti yí òfin padà. Àwọn aláṣẹ eré bádímíńtìn náà ní kí obìnrin máa wọ síkẹ́ẹ̀tì ní 2011 kí eré wọn lè fa ojú mọ́ra. Ariwo pọ̀, wọ́n jáwọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Sepp Blatter, tó jẹ́ ààrẹ FIFA nígbà náà, ti sọ ọ́ ní gbangba ní 2004 pé kí àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù máa wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ eré ń ta àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n, olóhun èlò ń ta ọjà, ara obìnrin ni wọ́n jọ fi ń pọ́n ọjà wọn lé.

Ìbéèrè: Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ẹ̀gbọ́n, àwòrán bẹ́ẹ̀ ló ń tajà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi oníṣọ́ọ̀bù, ó ń pe ojú. Bóyá ó ń tajà, ìyẹn ọ̀tọ̀. Ní 2017, àwọn olùwádìí kan tí ọ̀gá wọn wà ní Yunifásítì Illinois kó ìwádìí 78 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tí wọ́n rí ni pé èèyàn ń rántí ìpolówó tó ní ìṣekúṣe nínú, ṣùgbọ́n wọn kì í rántí orúkọ ọjà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sì mú kí wọ́n fẹ́ ra ọjà náà jù. Ọkùnrin fẹ́ràn irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, obìnrin kórìíra rẹ̀. Ní báyìí, obìnrin tó wà lára páálí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ, orúkọ ọjà wo ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Má wẹ̀yìn.

Ìjẹ̀bú ló sì yẹ kó mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní Ojúde Ọba ọdún 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀, fìlà, awò dúdú àti sìgá, yí gbogbo ayé ká láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bọ́ra sílẹ̀.

Ìbéèrè: Kọ́mú eré ìdárayá náà ńkọ́? Ohun èlò ni. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ polówó rẹ̀ láìfi àyà hàn?

Ìdáhùn: Ìyá kan láti Ìkẹ́nnẹ́, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ dà bí àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Remo Stars Ladies, ló béèrè, ìbéèrè tó sì wúlò jù nìyí.

Ọdún 1977 ni àwọn obìnrin mẹ́ta ní Vermont, Amẹ́ríkà, Lisa Lindahl, Polly Smith àti Hinda Miller, ṣe èyí tó kọ́kọ́ jáde. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ọkùnrin eléré ìdárayá fi ń di nǹkan ọkùnrin wọn mú ni wọ́n rán méjì pọ̀. (Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ó ṣiṣẹ́.) Kí ìyẹn tó dé, inú ìrora ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré. Nígbà tí Brandi Chastain gbá pẹnáritì tó mú Amẹ́ríkà gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé bọ́ọ̀lù obìnrin ní 1999, tó bọ́ jẹ́sì, tó kúnlẹ̀ pẹ̀lú kọ́mú dúdú, ayé pariwo. Ohun tí ọkùnrin ti ń ṣe lójoojúmọ́ ló ṣe.

Ní February 2022, adidas fi àwòrán ọmú ìhòòhò àwọn obìnrin tó pọ̀ síta láti polówó kọ́mú wọn. Wọ́n ní ọmú kò dọ́gba, ìyẹn làwọn fi ṣe oríṣiríṣi 43. Àjọ tó ń mójú tó ìpolówó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní May. Èrò tèmi ni pé ohun tí adidas sọ dára, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn bá fi fóònù han ọmọ rẹ̀, kò sí kọ́mú kankan nínú àwòrán náà tí wọ́n lè yẹ̀ wò.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọbìnrin nílò kò sì sí lára páálí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 2,089 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé ọmú àwọn ń nípa lórí bí àwọn ṣe ń kópa nínú eré ìdárayá. Ní tiwa, S, M àti L ni wọ́n kọ sára ọ̀rá, pẹ̀lú fọ́tò arẹwà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí fọ́tò kò sọ. Bẹ́líìtì abẹ́ ọmú ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìwúwo, kì í ṣe okùn èjìká. Kó fún débi pé ìka méjì péré ló lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá gbọ́wọ́ sókè tí bẹ́líìtì bá gòkè tẹ̀ lé e, ó tóbi jù. Kó fò sókè fò sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Ojú á tì í díẹ̀. Ó sàn ju kó jókòó sẹ́yìn pápá lọ.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fẹjọ́ sùn?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. ARCON, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON, ló ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ wọn kan sì gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde síta. Páálí tó ti òkèèrè wá ló ṣòro. Onítọ̀hún tó ń tà á lójú pópó lẹ lè bá sọ̀rọ̀ ní kíákíá.

Ìbéèrè: Fọ́tò wo ni kí n wá fi sí státọ́ọ̀sì WhatsApp mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi oníṣọ́ọ̀bù tún nìyẹn. Lọ sí pápá ìṣeré ní ìrọ̀lẹ́, wá ọmọbìnrin tó ń lo irú ọjà tí o ń tà. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó yà á. Bí kò bá tíì pé ọdún 18, òbí rẹ̀ ni kí o bá sọ̀rọ̀, kódà bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Yà á nígbà tó ń ṣe é lọ́wọ́, kí ojú rẹ̀ hàn, kí ọjà náà hàn. Kọ iye owó sísàlẹ̀. Kí o sì sanwó fún un. Bàtà kan lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe owó, àyàfi bí òun bá sọ pé bàtà lòun fẹ́.