Ọ̀dọ̀ Eṣinṣin Ni Ìtàn Yìí Ti Bẹ̀rẹ̀: Bí A Ṣe Mọ Àwọn Purotéènì Tó Ń Ṣọ́ Ọpọlọ Àgbà

Bí wọ́n bá ń pìtàn àwọn purotéènì tó ń dáàbò bo ọpọlọ, ọ̀dọ̀ Rita Levi-Montalcini ni wọ́n sábà máa ń mú un ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ṣe gudugudu méje. Inú yàrá tó ń sùn ní ìlú Turin ló ti ń ṣèwádìí nígbà tí òfin Mussolini lé àwọn Júù kúrò ní fásitì, òun àti Stanley Cohen sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986 nítorí purotéènì tí wọ́n ń pè ní NGF, èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára dàgbà. Ṣùgbọ́n ara ọmọ adìyẹ tó ṣì wà nínú ẹyin ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ NGF. Ohun tó ń mú ọmọ dàgbà ọ̀tọ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí àgbà tètè gbó ọ̀tọ̀. Ní tèmi, ìlú Naples ni ìtàn yìí ti ṣẹ̀, lọ́dọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dárúkọ: Ferruccio Ritossa.

Kromosómù, ìyẹn okùn tó gbé jíìnì (ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rọ purotéènì), inú sẹ́ẹ̀lì itọ́ ìdin eṣinṣin èso ni Ritossa ń wò. Kromosómù ibẹ̀ tóbi gan-an, ibi tí jíìnì bá sì ti ń ṣiṣẹ́ lára wọn a máa wú. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi kún ooru ẹ̀rọ tí àwọn ìdin náà wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Ritossa wò wọ́n, ibi tí kì í wú tẹ́lẹ̀ ti wú. Ẹlòmíràn ì bá kó gbogbo rẹ̀ dànù, kó tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òun mọ̀ọ́mọ̀ tún fi ooru dán an wò, wíwú náà sì tún yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì ńlá kan kọ̀ láti tẹ iṣẹ́ náà jáde, wọ́n ní kò já mọ́ nǹkan kan nínú ìmọ̀ ohun abẹ̀mí. Ìwé ìròyìn Experientia ló gbà á, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1962.

Ọdún 12 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí àwọn jíìnì náà ń ṣe. Ní 1974, Alfred Tissières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Caltech, fásitì kan ní California, fi hàn pé bí ooru bá mú eṣinṣin, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn purotéènì kan ní kíákíá. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Hsp70, ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ooru ba àwọn purotéènì yòókù jẹ́.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá a kiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má síbi tí wọn kò ti rí i: nínú ewéko, nínú ìwúkàrà, nínú ẹranko, nínú ènìyàn, àní nínú bakitéríà. Nǹkan bí ìdajì èròjà tó wà lára Hsp70 tiwa ló bá ti bakitéríà mu. Èyí ni pé ẹ̀ṣọ́ yìí ti wà láyé kí ohunkóhun tó ń jẹ́ ọpọlọ tó wà. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ibi omi gbígbóná nísàlẹ̀ òkun ni ìwàláàyè ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èrò mi ni pé irú ẹ̀ṣọ́ yìí wà lára ohun tí ẹ̀dá kọ́kọ́ ní, torí purotéènì kì í ṣiṣẹ́ àfi bó bá ká bó ṣe yẹ kó ká. Ooru a máa tú u, ibi tó yẹ kó fara pamọ́ nínú rẹ̀ a yọ síta, á sì lẹ̀ mọ́ òmíràn. Mo tiẹ̀ gbà pé láìsí Hsp70 tàbí ohun tó jọ ọ́, ìwàláàyè kì bá tí kúrò lójú kan. Ẹni tó bá rò pé mo ti sọ ọ́ jù, kó sọ ohun mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní 1978, Ron Laskey lo ọ̀rọ̀ náà chaperone fún purotéènì kan tó rí nínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ (ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò ni mo wí o, kì í ṣe ọpọlọ tó wà lórí). Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọbìnrin ilé ọlá kì í dá jáde. Ìyá àgbà kan ni yóò bá a lọ, kó má bàa kó sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé iṣẹ́ Hsp70 náà nìyẹn, torí kì í jẹ́ kí purotéènì lẹ̀ mọ́ èyí tí kò yẹ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá kan ọpọlọ. Láti 1906 tí Alois Alzheimer ti ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin aláìsàn kan, a ti mọ̀ pé ìdọ̀tí a máa dì síbẹ̀. Purotéènì tó ká sódì ni ìdọ̀tí náà. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara a máa pín sí méjì, tuntun a rọ́pò ògbólógbòó. Ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kì í pín. Ẹyọ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ bá èèyàn dé ọjọ́ alẹ́, ohun tó bá dì sínú rẹ̀ kò sì ríbi lọ. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tó jáde ní 2014 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn chaperone inú ọpọlọ ènìyàn ló máa ń dín kù bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè.

Ta ló wá fẹ̀rí hàn pé Hsp70 lè gba sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ là? Eṣinṣin èso náà ni! Ní 2002, Nancy Bonini àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania kó purotéènì tó ń dì nínú ọpọlọ àwọn tó ní àrùn Parkinson sára eṣinṣin. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àwọn eṣinṣin náà ń kú. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní Hsp70 tó pọ̀ sí i, ikú náà dáwọ́ dúró.

Àwọn purotéènì yòókù tó ń ṣọ́ ọpọlọ kò gba àlàyé púpọ̀. Barde àti Thoenen yọ BDNF, purotéènì tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kú, láti inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ní Jámánì ní 1982. Eré ìdárayá a máa mú un pọ̀ sí i. Ní 2014, Bruce Yankner ní Harvard fi hàn pé purotéènì REST a máa dáàbò bo ọpọlọ àgbà. Klotho, tí Makoto Kuro-o ní Japan ròyìn ní 1997, ni wọ́n ń pariwo jù báyìí, nítorí eku tí wọ́n bá bí láìní in a máa yára gbó. Ó dáa, àmọ́ kíndìnrín ni èyí tó pọ̀ jù nínú klotho ti ń wá. Inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gan-an ni Hsp70 ń gbé.