Fọ́tò Wà Lọ́wọ́ Ẹbí, Ta Ló Ni Ẹ̀tọ́ Rẹ̀?

Fọ́tò àwọn àgbà pọ̀ nínú àpótí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Òpìtàn á yá wọn, á fi fóònù ya ẹ̀dà wọn, wọ́n á di inú ìwé tàbí orí Facebook. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ni bébà kọ́ ló ni ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, bó bá sì ti kú, àwọn àrólé rẹ̀ ni.

Ní Benin, bíi ti ilẹ̀ Faransé, ẹ̀tọ́ yìí kì í tán títí 70 ọdún yóò fi pé lẹ́yìn ikú ayafọ́tò. Ọjọ́ orí fọ́tò ni ọ̀pọ̀ ń kà, ọdún ikú ẹni tó yà á ló sì yẹ kí wọ́n kà. Edmond Fortier, tó ta káàdì alàwòrán ilẹ̀ Dàhòmì (orúkọ Benin àtijọ́), kú ní 1928: tirẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Frédéric Gadmer, tó bá Fadá Aupiais wá ya fọ́tò níbẹ̀ ní 1930, kú ní 1954. Òpin 2024 ni tirẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n 1996 ni Pierre Verger, tó ya fọ́tò ní Kétu, kú. Títí di òpin 2066, àfi kí èèyàn gbàṣẹ lọ́wọ́ Fundação Pierre Verger, àjọ tó ń tọ́jú fọ́tò rẹ̀ ní Salvador, Bahia, ní Brazil, ìbáà jẹ́ bàbá bàbá rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò ọ̀hún.

Ẹ kọ́kọ́ yí fọ́tò sẹ́yìn. Òǹtẹ̀ ayafọ́tò lè wà níbẹ̀. Bó bá ti ń parẹ́, ẹ tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà á hàn díẹ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn náà pa mọ́. Ẹni tó ya iwájú nìkan ti sọ ẹ̀rí nù.

Bí orúkọ bá jáde, ẹ wá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, kí ẹ sì béèrè ní BUBEDRA, ilé iṣẹ́ ìjọba Benin tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn òǹṣẹ̀dá, ní Cotonou. Ìbuwọ́lùwé olórí ẹbí ayafọ́tò nìkan léwu: àbúrò kan lè dìde lọ́la pé òun kò gbà. Kí ìwé àṣẹ sọ fọ́tò wo, ìwé ni àbí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà mélòó, ọdún mélòó. Ẹni tó gbàṣẹ 300 ẹ̀dà ìwé kò tíì gbàṣẹ Facebook. Bákan náà, bí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Wàndó, ní Àjàṣẹ́, bá jẹ́ kí ẹ ya ẹ̀dà, ìyẹn kò sọ pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àìmọ ayafọ́tò kì í ṣe àṣẹ. Ẹ kọ ibi tí ẹ wá a dé àti ọjọ́ tí ẹ wá a sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ pé kí ẹ dárúkọ ayafọ́tò kì í sì tán: kódà lábẹ́ fọ́tò Fortier, ẹ kọ orúkọ Fortier.