Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó pẹ́ lórí ìdíyelé ilẹ̀ ní Queensland

Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó pẹ́ lórí ìdíyelé ilẹ̀ ni ẹjọ́ tí onílẹ̀ pè láti tako iye tí ìjọba fi lé ilẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí gbèdéke tí òfin là sílẹ̀ ti kọjá. Ní ìpínlẹ̀ Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Òfin Ìdíyelé Ilẹ̀ ti ọdún 2010 ló ń darí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, Kóòtù Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, tí ìdásílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1897, ló sì ń gbọ́ ọ.

Ọ̀gá àgbà fún ìdíyelé ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà ló ń fi iye lé ilẹ̀. Iye tí ilẹ̀ tó lọ́jà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń wò; ìwé ìdíyelé á jáde kí oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀lé e tó parí, iye tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ilé tó wà lórí ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò náà. Fún ilẹ̀ tí kì í ṣe ti oko, wọ́n máa ń ka iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sára ilẹ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, bíi igbó tí wọ́n ti ṣán, kòtò tí wọ́n ti dí, tàbí omi tí wọ́n ti là ní ọ̀nà. Ilẹ̀ oko ní tirẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn án rí ni wọ́n ṣe ń díye lé e. Orí iye yìí ni ìjọba ìbílẹ̀ ń gbé owó tí onílẹ̀ ń san lé, òun náà sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń ṣírò owó orí ilẹ̀ àti owó ìyálò ilẹ̀ ìjọba. Owó yìí gan-an ló sábà máa ń gbé onílẹ̀ dé kóòtù.

Kò sí ẹni tó lè fo àtakò kó tó pe ẹjọ́. Onílẹ̀ ní ọjọ́ 60 láti kọ̀wé àtakò sí ọ̀gá ìdíyelé, ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé pé ó jáde ni wọ́n sì ti ń ka ọjọ́ náà, kì í ṣe ọjọ́ tí lẹ́tà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ìpinnu lórí àtakò náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún ní ọjọ́ 60 mìíràn láti fi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Kóòtù Ilẹ̀.

Ẹni tí ọjọ́ 60 ti kọjá mọ́ lórí kò tíì pàdánù gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kóòtù lè gba ẹjọ́ rẹ̀ bó bá pè é láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìpinnu lórí àtakò, tó sì fi yé kóòtù pé ìdí gidi ló fà á tí òun fi pẹ́. Bí ọdún kan bá ti kọjá, àlàyé yòówù kó ní, kóòtù kò ní agbára láti gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ agbára yìí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ní kàyéfì, nítorí wọ́n á kó ìwé iye tí wọ́n ta ilẹ̀ àdúgbò wá, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ kò kan iye ilẹ̀ rárá. Bí àṣìṣe inú ìdíyelé náà tilẹ̀ hàn gbangba, adájọ́ kò lè dé orí rẹ̀ bí ìdí tí ẹjọ́ fi pẹ́ kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́tà tí kò dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, tàbí àìsàn tó dá onílẹ̀ dùbúlẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà, jẹ́ irú ìdí tó lè rí etí kóòtù, pàápàá bí ìwé dókítà tàbí ẹ̀rí mìíràn bá tẹ̀ lé e. Kí èèyàn kàn sọ pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun ráyè kì í sábà tó. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò pẹ́, àmọ́ tí wọ́n fi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó kọ̀wé sí wọn dípò kóòtù. Kí wọ́n tó mọ̀, ọjọ́ ti lọ. Àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe, nítorí ilé iṣẹ́ ìjọba yẹn kan náà ló gba ìwé àtakò wọn ní ìṣáájú.

Ẹni tí kóòtù bá gbà wọlé kò tíì jàre. Òun ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀, kò sì lè kọjá àwọn ìdí tó kọ sínú ìwé ẹjọ́ rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ iye ilẹ̀ ti wà tipẹ́: ní ọdún 1907, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ọsirélíà, nínú ẹjọ́ Spencer tó dá lórí ilẹ̀ tí ìjọba gbà ní North Fremantle láti fi kọ́ odi ológun, là á sílẹ̀ pé iye ilẹ̀ ni èyí tí ẹni tó fẹ́ tà àti ẹni tó fẹ́ rà, tí ìkankan nínú wọn kò kánjú, máa fẹnu kò sí. Ní gbogbo àkókò tí ẹjọ́ ń lọ, onílẹ̀ á máa san owó tó bá iye tó ń jà lé lórí mu, wọ́n á sì ṣe àtúnṣe sí i bí iye náà bá yí padà. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè lọ sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn Ilẹ̀.