Bí orúkọ ilé ìjọsìn ṣe ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́ ní ìlú Szentendre

Szentendre jẹ́ ìlú kékeré kan létí odò Danube, ní nǹkan bí ogún kìlómítà sí àríwá Budapest, olú-ìlú Họ́ngárì. Ẹnikẹ́ni tó bá débẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló para pọ̀ tẹ̀ ẹ́ dó: àwọn ará Sẹ́bíà, àwọn Dalmatia láti etíkun Croatia, àwọn Gíríìkì, àwọn Slovakia, àwọn Jámánì, àti àwọn ará Họ́ngárì fúnra wọn. Orúkọ wọ̀nyí pé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò wọ́n yẹn máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí ó ń mú kí olùgbọ́ rò pé èdè ẹnu ni wọ́n fi ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Èdè tí àwọn ará Sẹ́bíà àti àwọn Dalmatia ń sọ súnmọ́ra débi pé wọ́n lè ná ọjà láìwá ògbufọ̀, síbẹ̀ ẹ̀yà méjì ni ìlú náà kà wọ́n sí, nítorí pé ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni ti àwọn kan, ìjọ Àgùdà sì ni ti àwọn kejì.

Èyí tó ń múni bínú jù ni ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì. Ilé ìjọsìn kan wà ní gbàgede àárín ìlú tí àwọn ará Họ́ngárì ń pè ní ilé ìjọsìn Gíríìkì títí di òní, àwọn àlejò a sì máa gbà pé àwọn Gíríìkì ló kọ́ ọ. Ilé ìjọsìn àwọn ará Sẹ́bíà ni, Blagoveštenska sì ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Ní Họ́ngárì ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà “görög”, tó túmọ̀ sí Gíríìkì, ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀: ó ń tọ́ka sí ẹni tó wá láti ilẹ̀ Gíríìkì lóòótọ́, ó ń tọ́ka sí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ó sì tún ń tọ́ka sí oníṣòwò tó bá kó ọjà wá láti ìhà gúúsù, ìbáà jẹ́ ará Sẹ́bíà tàbí Aromania, ẹ̀yà kan ní ilẹ̀ Balkan tí èdè rẹ̀ súnmọ́ ti Rùmáníà. Ojúlówó oníṣòwò Gíríìkì wà nínú ìjọ yẹn dájúdájú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka gbogbo “görög” inú ìwé àtijọ́ sí ará Gíríìkì yóò bí ọmọ tí kò sí fún orílẹ̀-èdè náà.

Ìwé kan ló dá gbogbo ètò yìí sílẹ̀. Nígbà tí ogun yí padà mọ́ àwọn ọmọ ogun Habsburg, ìdílé ọba tó ń jọba lórí Austria àti Họ́ngárì, lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Sẹ́bíà, tí àwọn Túúkì sì ń padà bọ̀ wá gbẹ̀san, Pátíríákì Arsenije Kẹta Čarnojević, olórí ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì àwọn ará Sẹ́bíà, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí àríwá ní 1690. (Iye tí wọ́n máa ń dá lé wọn, ìdílé ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógójì, ti pọ̀ jù lójú ọ̀pọ̀ òpìtàn.) Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún náà, Olú-ọba Leopold Kìíní ti ìdílé Habsburg fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan fún wọn: kí wọ́n máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ṣe ń sìn ín tẹ́lẹ̀, kí àpéjọ wọn fúnra wọn máa yan olórí ìjọ wọn, kí wọ́n máa kọ́ ilé ìjọsìn, kí wọ́n sì máa lo kàlẹ́ńdà wọn àtijọ́.

Ọgbọ́n inú ìwé náà àti àléébù rẹ̀ wà lójú kan náà. Ìjọ ló fún ní ẹ̀tọ́, kò fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀. Ilẹ̀ Szentendre wà lábẹ́ ìdílé Zichy, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọlọ́lá ńlá Họ́ngárì, ẹni tí ogun lé débẹ̀ kò sì lè na ọwọ́ sí ibì kan kí ó ní tòun nìyí nípa àṣẹ olú-ọba. Ohun kan ṣoṣo tó lè dì mú ni pé ó jẹ́ ọmọ ìjọ kan. Nítorí náà, kí ìjọ náà wà, kí ó sì hàn lójú gbogbo ayé pé ó wà, di ọ̀ràn ìgbésí ayé ojoojúmọ́.

Síbẹ̀, kò yá wọn lára láti kọ́ ilé gidi. Ẹni tó bá ti gbé abà oko rí yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Abà ní òrùlé, ó ní ààrò, wọ́n lè bímọ síbẹ̀ kí ọmọ náà sì dàgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n olóko kì í náwó lé ògiri abà, nítorí pé lọ́kàn rẹ̀ ilé wà níbòmíràn, ibẹ̀ ni yóò padà sí nígbà ọdún, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì sin ín sí. Pákó ni àwọn ará Sẹ́bíà fi kọ́ ilé ìjọsìn wọn àkọ́kọ́. Ibi tí abà yìí ti yàtọ̀ sí abà tiwa ni pé wọ́n gbé òkú wọn dání wá sí oko: àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ ní Ravanica ru egungun Lazar, olórí wọn tó kú ní pápá ogun Kosovo ní 1389, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú ilé ìjọsìn onípákó kan létí odò. Ní 1697 wọ́n tún gbé e, wọ́n sì kọjú sí gúúsù, sí òkè Fruška Gora, tó súnmọ́ ilé díẹ̀ sí i. Àgbélébùú kan ló dúró síbi tí pákó náà wà létí Danube lónìí.

Àwọn Habsburg gba Belgrade ní 1717, ìrètí sọjí. Wọ́n pàdánù rẹ̀ ní 1739. Ní 1741 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Preobraženska, ilé ìjọsìn olókùúta tí àwọn tó ń sọ awọ ẹran di awọ bàtà náwó lé lórí. Ó ṣòro kí ènìyàn má so ọjọ́ méjèèjì yìí pọ̀. Láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó tẹ̀lé e, pákó di òkúta jákèjádò ìlú, abà sì di ilé.

Àsìkò yìí ni ètò náà hàn kedere jù, nítorí pé orúkọ ìlú tí wọ́n sá kúrò ni wọ́n fi sọ àwọn ilé náà. Beogradska jẹ́ ti àwọn tó wá láti Belgrade, Požarevačka ti àwọn tó wá láti Požarevac, Opovačka ti àwọn tó wá láti Opovo, Čiprovačka sì ti àwọn tó wá láti Chiprovtsi ní Bùlùgéríà. Ẹni tó bá béèrè ibi tí aládùúgbò rẹ̀ ti ń jọ́sìn ti béèrè ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá, kò sì sí ìdí fún ìbéèrè kejì. Bí a bá wò wọ́n láti òkèèrè, a lè pè wọ́n ní ilé ìjọsìn Àgùdà, nítorí pé ilé ìṣọ́ wọn rí bí èyí tó wà ní gbogbo ilẹ̀ Habsburg nígbà náà. András Mayerhoffer, ayàwòrán ilé, ni wọ́n gbà pé ó ya àwòrán bí wọn yóò ṣe kọ́ Blagoveštenska, tí wọ́n kọ́ láàrin 1752 sí 1754. Inú ni a ti ń rí i pé ó yàtọ̀, níbi ògiri àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tó bo ibi pẹpẹ. Ti Požarevačka jẹ́ ti ọdún 1742, ó dàgbà ju òkúta tó yí i ká lọ.

Àwọn oníṣòwò ṣe tiwọn láàrin gbàgede: ní 1763, ẹgbẹ́ wọn gbé àgbélébùú kan kalẹ̀ níbẹ̀ láti dúpẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn kò wọ ìlú. Wáìnì pupa àti awọ ló sọ wọ́n di olówó, odò ló sì ń gbé ọjà wọn.

Ní àwọn ọdún 1880, phylloxera, kòkòrò tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà, pa ọgbà wọn run. Ọkọ̀ ojú irin dé láti Budapest ní 1888, odò kò sì jẹ́ ọ̀nà ọjà mọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí wọ́n fún àwọn ará Sẹ́bíà ní àǹfààní láti yan orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sí gúúsù. Àléébù ìwé 1690 hàn nígbà náà: ẹ̀tọ́ tí a so mọ́ ìjọ kò ní ibi tí yóò dúró sí bí ọmọ ìjọ bá tán. Opovačka bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, Čiprovačka sì bọ́ sọ́wọ́ ìjọ Àgùdà. Àwọn ayàwòrán wá rí ilé tó ṣófo tí owó rẹ̀ kò wọ́n, wọ́n sì wọ̀ ọ́.

Ẹ̀ka kan nínú ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìyókù ọmọ ìjọ náà ń pàdé ní Preobraženska ní gbogbo ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, wọ́n ń súre sórí èso àjàrà, wọ́n sì ń jó kolo, ijó àwọn ará Sẹ́bíà tí wọ́n máa ń di ọwọ́ ara wọn mú jó. Ní kàlẹ́ńdà tiwọn, ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni. Nígbà tí Leopold fọwọ́ sí i, ọjọ́ mẹ́wàá ló wà láàrin kàlẹ́ńdà méjèèjì. Ó ti di mẹ́tàlá.